Ìgboro Abẹ́òkúta àbí abúlé lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá: girama ìjọba wo ni kí ọmọ lọ?

ÌyáMáyọ̀wá:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. A ti parí ilé wa lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀, lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, a ó sì kó kúrò l'Ágége kí ilé-ìwé tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀rọ̀ ọmọ méjì ló wà lọ́kàn mi. Ọkùnrin ń wọ SS1, sáyẹ́ǹsì ló fẹ́ ṣe, iṣẹ́ ẹ̀ńjíníà ni kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin ń wọ JSS1. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi dárúkọ ilé-ìwé aládàáni kankan, agbára wa ò gbé e, ilé tá a kọ́ yìí ti gbá gbogbo àpò wa mọ́.

Girama ìjọba kan wà tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé wa. Òmíràn wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, òmíràn sì wà ní Ọ̀dẹ̀dá. Bàbá wọn ní Abeokuta Grammar School ní Ìdí-Àbà lọmọ òun máa lọ, pé ibẹ̀ lòun náà ti jáde, pé ta ló máa kọ́lé sí Abẹ́òkúta kí ọmọ rẹ̀ wá máa kàwé nínú oko. Èmi ò tíì gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdúgbò yẹn, èwo ló dáa jù?

ỌmọÌdíÀbà:
Bàbá wọn ti parí ọ̀rọ̀ mà. Abeokuta Grammar School! Ọdún 1908 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ni Israel Ransome-Kuti, òun náà ló padà wá di ọ̀gá ilé-ìwé láti 1932 títí di 1954. Obìnrin tó kọ́kọ́ wọbẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀ tó wá di aya rẹ̀, lọ́dún 1914. Fẹlá ibẹ̀ ni. Ṣóyínká náà kàwé níbẹ̀. Kí lẹ tún ń wá?

ÒkèSàjẹ́Boy:
@ỌmọÌdíÀbà ẹ rọra o, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Baptist Boys' High School, 1923. Ọbásanjọ́ jáde níbẹ̀, Abíọ́lá jáde níbẹ̀, Bọ́lá Ajíbọ́lá tó dé kóòtù àgbáyé náà jáde níbẹ̀. Awólọ́wọ̀ pàápàá kọjá níbẹ̀. Ẹ lọ ka orúkọ tiyín kí ẹ padà wá.

ỌmọÌdíÀbà:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún jìnnà sí Òṣíẹ̀lẹ̀ jù wá lọ. 😂

TíṣàFẹ̀yìntì:
Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ jẹ́ ká dá ìyá yìí lóhùn. Ìbéèrè tó bi wá kọ́ lẹ̀ ń dáhùn. Fẹlá ò ní bá ọmọ rẹ̀ kọ́ físíìsì.

Ìyàwó wa, mo fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun ní ìpínlẹ̀ yìí títí mo fi fẹ̀yìntì. Mo ti kọ́ni ní ìgboro, mo sì ti kọ́ni ní abúlé tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ọjà ká tó lè wálé. Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí ìyàtọ̀ yẹn ti wá hàn yín. Àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ń dárúkọ lókè yìí, ìjọ Ọlọ́run ló dá wọn sílẹ̀, kí ìjọba tó gbà wọ́n láàárín àwọn ọdún 1970. Wọ́n ti ní ilé, wọ́n ti ní láàbù, wọ́n ti ní àwọn ọmọ àtijọ́ tó ń fowó ránṣẹ́. Nígbà tí Ọlábísí Ọnàbánjọ di gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN lọ́dún 1979, girama di ọ̀fẹ́, abúlé tó rí ilẹ̀ fún ìjọba ni wọ́n sì kọ́ ilé-ìwé sí. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń wa yanrìn tí wọ́n ń ru búlọ́ọ̀kù. Púpọ̀ nínú girama tẹ́ ẹ máa rí lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, ìgbà yẹn ni wọ́n dé tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò ní ọmọ àtijọ́ tó wà ní London.

Ṣùgbọ́n tíṣà tó wà ní ìgboro àti tíṣà tó wà lábúlé, iṣẹ́ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ń ṣe, owó oṣù kan náà ni wọ́n ń gbà. Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ olùkọ́, TESCOM, ló ń pín wọn. Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti wá ń bàjẹ́ ni pé tíṣà tí wọ́n bá fi sí abúlé, lọ́jọ́ tó bá gba lẹ́tà náà ló ti ń wá ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè gbé e padà sí ìgboro. Ìyàwó rẹ̀ ń tajà ní Kútọ̀, ọmọ rẹ̀ wà ní Àṣerò, owó ọkọ̀ sì ń jẹ owó oṣù. Tíṣà Yorùbá, tíṣà CRK, tíṣà ẹ̀kọ́ àwùjọ, ẹ máa rí wọn lábúlé dáadáa. Tíṣà físíìsì ló ṣọ̀wọ́n. Tó bá sì fẹ̀yìntì, ó lè pẹ́ kí wọ́n tó rán ẹlòmíràn wá.

Nítorí náà ẹ má béèrè pé èwo ló dáa jù. Ẹ béèrè pé ta ló ń kọ́ SS2 ní físíìsì, kẹ́mísírì àti ìṣirò, kí ẹ sì rí i pẹ̀lú ojú yín.

ÌyáMáyọ̀wá:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Báwo ni mo ṣe máa rí i? Tí mo bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ṣé ó máa sọ fún mi pé àwọn ò ní tíṣà ni?

TíṣàFẹ̀yìntì:
Kò ní sọ. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́. Táímù-tébù máa ń wà lára ògiri níbẹ̀, pátákó tàbí páálí ńlá, tí wọ́n kọ lẹ́tà orúkọ tíṣà kọ̀ọ̀kan sábẹ́ iṣẹ́ tó ń kọ́. Ẹ wo SS2. Bí lẹ́tà ẹnì kan ṣoṣo bá wà lábẹ́ ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì, tó tún wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn, ẹ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi pẹ́ńsùlù kọ lẹ́tà náà, kọ́pà ni, agùnbánirọ̀ tí kò ní pẹ́ lọ.

Ìkejì, ẹ bá ọmọ SS2 kan pàdé lójú ọ̀nà nígbà tí ilé-ìwé bá jáde. Ẹ fún un ní bisikíìtì, kẹ́ ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ wo ìwé nóòtì físíìsì rẹ̀. Déètì ló wà lókè ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Bí déètì tó kẹ́yìn bá ti lé ní oṣù kan, ẹ dá ìwé náà padà fún un, kẹ́ ẹ máa lọ.

Kọ́pàLáàbù:
Bàbá, ẹ mà fi ọ̀rọ̀ pẹ́ńsùlù yẹn gún mi láyà 😂. Èmi gan-an lẹ̀ ń bá wí.

Mò ń sìnrú ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá, mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé. Ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì, físíìsì ni wọ́n ní kí n kọ́ wọn níbí láti SS1 dé SS3, mo tún ń bá wọn ṣe ìṣirò JSS2 torí ẹni tó ń ṣe é wà ní ìsinmi ìbímọ. Kí n tó dé, kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn SS2 ní físíìsì odidi táàmù kan. Tí mo bá parí ìsìnrú ìlú, mi ò mọ ẹni tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti láàbù. Ilé rẹ̀ wà, àkọlé wà lára ẹnu ọ̀nà. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo bá páálí tí wọ́n fi tépù dì. Bíkà àti bùrẹ́ẹ̀tì ló wà nínú ẹ̀, gbogbo wọn ṣì wà nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé wọn nígbà tí wọ́n kó wọn wá. Ẹ̀rọ omi ò ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ló ń bá mi pọn omi láti inú kànga pásítọ̀. Ìgbà tá a ṣe pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, òkúta la so mọ́ òwú, fóònù mi la fi ka àkókò. Ó sì ṣiṣẹ́! Wọ́n yọ̀ débi pé wọ́n ò fẹ́ lọ jẹun.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ará ìgboro mọ̀ ni pé ọmọ tó wà nínú kíláàsì SS2 mi kò tó ogún. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn, mo mọ ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ yan gàrí ní òru. Bí ọmọ kan ò bá wá, màá bi aládùúgbò rẹ̀. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgboro?

BàbáPTA:
Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo wà níbẹ̀. Ìgboro ni àwọn ọmọ mi ń lọ, mo wà nínú ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́, mi ò ní sọ ilé-ìwé ibo. Tíṣà wà o, físíìsì méjì, kẹ́mísírì méjì. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì ọmọ mi, ọmọ mẹ́rin ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ṣe fún méjì, àwọn tó pẹ́ dé ń dúró nídìí fèrèsé. Tíṣà ò lè máàkì nóòtì gbogbo wọn láéláé. Pírátíkà tí wọ́n ń sọ yìí, ọmọ mẹ́wàá ló ń yí bùrẹ́ẹ̀tì kan ká, ẹni tó gbóyà ló ń fọwọ́ kàn án, àwọn yòókù ń da èsì rẹ̀ kọ.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún tan yín lórí ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́. Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún fagi lé N3,700 tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2019, òótọ́ ni. Àmọ́ owó PTA wà, owó lẹ́sìnnì wà, yunifọ́ọ̀mù wà, aṣọ eré ìdárayá wà. Lẹ́sìnnì gan-an ni iná tó ń jó wa ní ìgboro. Ohun tí tíṣà ò ráyè kọ́ wọn láàárọ̀, aago méjì ọ̀sán ló ń kọ́ ẹni tó sanwó.

Dẹ́rẹ́bàKámípù:
Ẹ̀yin ń sọ tíṣà, ẹ ò sọ ọ̀nà. Títì yẹn ni mo ń ná lójoojúmọ́. Láti ẹ̀yìn Òṣíẹ̀lẹ̀ dé Ìdí-Àbà, ọmọ máa wọ ọ̀kadà jáde sí títì, á wọ ọkọ̀ kọjá Kámípù àti Ọbáńtokò dé Àṣerò, kó tó tún wá òmíràn. Tí ilé-ìwé bá wọlé, gbogbo ọmọ ilé-ìwé àti òṣìṣẹ́ ló ń du ọkọ̀ kan náà láago mẹ́fà ààbọ̀, àwa dẹ́rẹ́bà sì máa ń sá fún ọmọ ilé-ìwé, ẹ má bínú, torí wọ́n máa ń ní àwọn fẹ́ san ìdajì. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023 ni owó ọkọ̀ ò ti dúró sójú kan. Ọmọ méjì, àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ jókòó ti bàbá wọn kẹ́ ẹ jọ ṣírò rẹ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀ Ìdí-Àbà.

ÌyáMáyọ̀wá:
A ti ṣírò ẹ̀. Ó dákẹ́ látàná.

Ògo_Olódò:
Ẹ̀yin ń bú abúlé. Girama kan wà lápá ọ̀dọ̀ wa níbí tó jẹ́ pé lọ́dún tó kọjá gbogbo ọmọ tó jókòó ṣe WAEC ló gba kírẹ́dítì márùn-ún tó fi mọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Gbogbo wọn! Ìgboro wo ló ṣe bẹ́ẹ̀?

Kọ́pàLáàbù:
@Ògo_Olódò, ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ́ wọn ní kẹ́mísírì?

Ògo_Olódò:
Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, wọ́n ṣáà gba kírẹ́dítì.

TíṣàFẹ̀yìntì:
Ibi tí gbogbo ọmọ ti ń gba kírẹ́dítì nínú iṣẹ́ tí kò sí tíṣà rẹ̀, èkísípò, ìyẹn màgòmágó ìdánwò, ló kọ́ wọn. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Èkó àti Ìbàdàn pàápàá ń wá forúkọ sílẹ̀ ní SS3 nírú ibẹ̀, wọn ò ní fojú kan kíláàsì títí ìdánwò á fi dé. Ìyàwó wa, tẹ́ ẹ bá rí ilé-ìwé tí SS2 rẹ̀ jẹ́ ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí SS3 rẹ̀ wá di ọgọ́rùn-ún, ẹ má fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Tí WAEC bá mú wọn, èsì gbogbo wọn ni wọ́n ń dá dúró, ọmọ tó ka tirẹ̀ á sì bá wọn lọ.

Àdùkẹ́_FUNAAB:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo jáde ní abúlé sọ̀rọ̀. Mo wà ní FUNAAB, Alábàtà báyìí, ọdún kẹta. Girama ìjọba lápá Ọ̀dẹ̀dá ni mo lọ láti JSS1 dé SS3.

JSS dáa. Mi ò purọ́. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa ń gbé láàárín abúlé, ó ń ka ìwé sí wa létí, ó máa ń ní ká kọ lẹ́tà sí òun, á fi ínkì pupa dá a padà. Èmi ló ń kọ lẹ́tà fún gbogbo àdúgbò nígbà tí mo wà ní JSS3. Àmọ́ nígbà tá a dé SS1, wọ́n pín wa sí sáyẹ́ǹsì, ìyẹn ni pé wọ́n kọ orúkọ wa sí ìwé. Táàmù kejì ní SS2 ni tíṣà kẹ́mísírì tó dé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ra ìwé àtijọ́ ní Ìtókù la fi ń kọ́ ara wa. Kẹ́mísírì fì mí lulẹ̀ nínú WAEC tí mo ṣe ní ilé-ìwé, mo padà lọ ṣe GCE, ìyẹn WAEC tí èèyàn ń forúkọ sílẹ̀ fún fúnra rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣe GCE kì í wọ láàbù, orí ìwé ni wọ́n ti ń bi í ní ìbéèrè pírátíkà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yege. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ di bùrẹ́ẹ̀tì mú, ọgọ́rùn-ún lẹ́fẹ̀lì ni mo wà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ṣí kọ́ọ̀kì rẹ̀, ásíìdì sì dà sórí tábìlì tán. Ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi, ìgboro ló ti wá, ṣe tiẹ̀ bí ẹni ń bu omi sí ife.

Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni ọmọkùnrin Ìyá Máyọ̀wá wà, mi ò ní fi í sí ibi tí mo lọ. Obìnrin, màá fi í síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

ÒkèSàjẹ́Boy:
Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí, àbúrò. Ẹ ṣáà máa gbé láfún fún ọmọ yẹn tó bá wá sígboro.

ÌyáIlé_Ìtókò:
Ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ fi ń pín ọmọ ìyá kan sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Ọkùnrin lọ sí ibi tó dáa, obìnrin jókòó sábúlé. A ti gbọ́ irú èyí rí. Tó bá di SS1 tirẹ̀ ńkọ́?

Àdùkẹ́_FUNAAB:
Èmi náà obìnrin ni, mà. Kíláàsì tí wọ́n ń wọ̀ ni mo wò. Tó bá di SS1 tirẹ̀, kí wọ́n tún lọ wo pátákó lára ògiri bí Bàbá ṣe wí.

TíṣàFẹ̀yìntì:
Àdùkẹ́ ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Òfin UBE ọdún 2004 fi ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ṣe ọ̀fẹ́ àti dandan, ó parí ní JSS3. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kò gba láàbù ńlá. Ó gba tíṣà tó wá síbi iṣẹ́ àti ọmọ tí kò fi agbára rẹ̀ tán sínú ọkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá tó ń jí láago mẹ́rin ààbọ̀ kó lè dé Ìdí-Àbà, oorun ló ń lọ sùn níbẹ̀. SS1 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, torí ohun tí wọ́n bá pàdánù ní SS1 kì í rọrùn láti rí padà.

Ìyáálé Ìtókò, ẹ má bínú, mo gbọ́ yín o. Ìyá ọmọ náà ò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́dún mẹ́ta sí i.

ÌyáMáyọ̀wá:
Ẹ̀yin ará ilé, mo ti débẹ̀. Mo gba ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, mo wá sí Òṣíẹ̀lẹ̀ láàárọ̀.

Ti ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni mo kọ́kọ́ lọ. Pírínsípà obìnrin ni, ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí n jókòó. Mo ní mo fẹ́ rí yàrá àwọn olùkọ́. Bàbá, pátákó náà wà níbẹ̀! Lábẹ́ SS2, lẹ́tà kan náà wà fún físíìsì àti kẹ́mísírì, pẹ́ńsùlù ni. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo kọjá níwájú JSS1, ìyá kan ń kọ́ wọn ní ìdá, ọsàn ló fi ọ̀bẹ gé sórí tábìlì, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin hàn òun. Mo dúró nídìí fèrèsé débi pé àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo mi. Ọmọ tó bá gbà á ló ń jẹ ẹ́.

Ìkejì, tí mi ò ní dárúkọ, ó gba ọkọ̀ kan péré láti ilé wa. Tíṣà kẹ́mísírì ọ̀tọ̀, físíìsì ọ̀tọ̀, báírò ni wọ́n fi kọ wọ́n. Ọmọ SS2 tí mo bá pàdé ní ìdí búrẹ́dì fi nóòtì rẹ̀ hàn mí: ọjọ́ Tuesday ọ̀sẹ̀ yẹn ni déètì tó kẹ́yìn, tíṣà sì ti máàkì í. Kíláàsì wọn kún díẹ̀, orùlé kan ń jò, àmọ́ omi ń yọ nínú láàbù. Mo ṣí i wò fúnra mi.

Ìdí-Àbà, mi ò dé ibẹ̀. Bàbá wọn ní òun ò rántí pé òun sọ bẹ́ẹ̀.

Dẹ́rẹ́bàKámípù:
😂😂😂 Ẹ bá mi kí i.

ỌmọÌdíÀbà:
Kò burú. Kó ṣáà wá síbi àpèjẹ àwọn ọmọ àtijọ́ lọ́dún yìí, a máa rán an létí.

BàbáPTA:
Ẹ ṣe dáadáa mà. Tí wọ́n bá ti gbà á tán, ẹ lọ sí ìpàdé PTA àkọ́kọ́, ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Orùlé tó ń jò yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa pín owó rẹ̀ fún yín.

ÌyáMáyọ̀wá:
Mo ti ń retí ẹ̀. Ìbéèrè tó kù: ìwé wo ni mo máa kó dání láti Èkó? Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá wọlé kí n tó mú wọn lọ?

TíṣàFẹ̀yìntì:
Ẹ má dúró dìgbà yẹn. Ẹ gba lẹ́tà ìdágbére lọ́wọ́ ilé-ìwé Èkó kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa fún ìsinmi, torí tí pírínsípà bá ti lọ, ẹ máa wá a títí. Ẹ kó káàdì èsì gbogbo táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èsì ìdánwò JSS3 fún ọkùnrin, ẹ̀rí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún obìnrin, ìwé ìbí àwọn méjèèjì àti fọ́tò. NIN wọn ńkọ́? Bí ẹ ò bá tíì ṣe é, ẹ ṣe é nísinsìnyí, kí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ bá ti ìwé ìbí mu, lẹ́tà fún lẹ́tà. JAMB kì í forúkọ ẹni tí kò ní i sílẹ̀.

Ibi tí ẹ bá fi ọkùnrin sí ní SS1 yìí, kó wà níbẹ̀ títí yóò fi jáde. Máàkì láti SS1 dé SS3 ni ilé-ìwé ń fi ránṣẹ́ sí WAEC pẹ̀lú ìdánwò, ẹni tó bá ń fò kiri lágbedeméjì ló ń sunkún ní SS3. Ẹ dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹjọ, láàárọ̀, kí pírínsípà tó jáde lọ sí ìpàdé. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé náà ní méjì-méjì láti Agége, ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé yẹn kì í ní iná.

Kọ́pàLáàbù:
Ẹ dẹ̀ bá mi sọ fún pírínsípà obìnrin ẹ̀gbẹ́ ilé yín yẹn pé kí wọ́n tètè kọ̀wé béèrè fún kọ́pà físíìsì lọ́wọ́ NYSC, kí àwọn tuntun tó jáde ní kámípù Ṣágámù. Tí wọ́n bá pẹ́, ìgboro ló máa kó gbogbo wọn.